Ẹní Irun Àgùntàn Tí A Yí ní Upney

Mo rántí òórùn irun àgùntàn tútù tó gba orí ọgbà kọjá wọ ilé ìdáná wa ní Upney, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀. Ọkọ mi fa imú, ó ní, "Àwọn ará ilé kejì ti pa àgbò o, wọn ò sì fún wa lẹ́ran." Mo gbà á gbọ́. Ìyá àgbàlagbà kan, ará Kasakisitáànì, ló ń dá gbé ibẹ̀, mo sì ń bínú sí i nínú pé ahun ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wo òdìkejì ọgbà, mo rí i tó jókòó sílẹ̀, tó ń sunkún. Ó ti tẹ́ irun àgùntàn sórí ẹní esùsú, ó ti wọ́n omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, ó ti ká a, ó ti fi okùn dì í. Ó kù kí ó máa yí i, kí ó máa tẹ̀ ẹ́, títí irun náà yóò fi lẹ̀ mọ́ra bí aṣọ tó nípọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò gbà fún un mọ́. Pẹ̀lú ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́, ó ṣàlàyé pé ọmọ òun kan ṣoṣo ń lọ sílé ọkọ nílùú wọn. Lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ni ìyàwó máa ń gbé wọlé ọkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, àwọn yóò ra ti ẹ̀rọ.

"Nílé, gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń bá ni yí i," ló wí. "Níbí, èmi nìkan ni."

Mo lọ sọ fún ìyá àdúrà ìjọ wa. Ìjẹ̀bú ni, kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ṣé ká wá máa wòran ni? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." Bí ìsìn ọjọ́ ìsinmi ṣe parí, àwọn ìyá ìjọ rọ́ dé, wọ́n ká sùtánà funfun wọn sókè, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán yí ẹrù náà lọ, wọ́n yí i bọ̀, wọ́n ń kọrin. Ìyá náà ń fi èdè tirẹ̀ gbè é, ẹkún ti di ẹ̀rín.

Nígbà tí a yí ẹní funfun kan àti dúdú kan tán, tí wọ́n gbẹ, ó tò wọ́n léra, ó fi ọ̀bẹ gé àwòrán ìwo àgbò láti òkè já ìsàlẹ̀. Mo pariwo, "Màmá, ẹ ti bà á jẹ́!" Ó kàn rẹ́rìn-ín sí mi. Ó mú ìwo dúdú dí ojú ihò funfun, ó fi funfun dí ti dúdú, ó sì rán wọn pọ̀. Ìgbà náà ni ojú mi tó là: ẹní méjì ló jáde, ẹyọ irun kan kò sì ṣòfò. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé, ó gbé èkejì fún mi.

Lọ́jọ́ tí ẹrù náà dé, a jọ jókòó ti fóònù rẹ̀, à ń wo bí ọmọ náà ṣe ń tú u. Ó gbé ojú lé e, ó fa òórùn rẹ̀ símú, ó wá pe ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń pe ìyá. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn.

Ìyá náà ti padà sílùú wọn, ó lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹní tèmi ṣì wà ní pálọ̀. Orí rẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá títí ó fi dàgbà, òun náà ló ń múra ìgbéyàwó báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo bi í pé kí ni yóò fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ ipa ìwo àgbò náà, bí ẹni tí kò mọ̀ pé mo ń wo òun. Mo ní kó mú ẹní náà lọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn tó jáde, mo bọ́ bàtà mi, mo sì dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.