Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Dúpẹ́ Títí Tí Wọn Ò Fi Fún Un Lóògùn ní Bouaké

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú gáréèjì ni mo ti kírun àsùbáà, lórí ẹní tí ọlọ́kọ̀ kan yá mi, nítorí mo mọ ìwà àwọn awakọ̀ wa: bí o bá yà sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ti gbé ẹlòmíràn sáyè rẹ. Àlàájà Sídíkátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Bouaké, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ni mo ń lọ mú wálé. Mótò-tàsí, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn, ló gbé e ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi ṣẹ́. Egungun ti jinná, àmọ́ ìrora ò lọ. Ó ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wálé, ṣùgbọ́n òun ò lè jókòó nínú ọkọ̀ láìlo oògùn, àwọn olóògùn ò sì fún òun mọ́.

Mo gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kọ̀tọ̀nú, mo gba Lómè àti Accra. Ẹnubodè tí mo bá dé ni wọ́n ti ń tú àpò mi, tí wọ́n ń wá oògùn líle. Ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ìyàwó mi dì fún mi ni wọ́n bá. Aṣọ́bodè kan ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà wéréwéré, ó ní kí n máa lọ. Láti Abidjan sókè, ọ̀nà wọn dán ju tiwa lọ, mi ò ní purọ́. Ní Djébonoua, ìlú kékeré kan tó ṣáájú Bouaké, àwọn obìnrin to iṣu sétí títì, iṣu tó tóbi tó yááyì, síbẹ̀ wọn ò fi gún iyán bíi tiwa. Fùtú ni wọ́n ń pe tiwọn, ẹlòmíì a sì tún gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn. Ebi ló jẹ́ kí n jẹ ẹ́.

Dar-es-Salam, àdúgbò àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ní Bouaké, ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Orí ibùsùn ni mo bá a. Ó kí mi kú ìrìn, ó béèrè ìyàwó mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ewúrẹ́. Mo ní ara ńkọ́? Ó ní a dúpẹ́, ara le. Bó ti ń sọ ọ́ ni òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nàfísátù, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀, ló là á yé mi. Ó ní tẹ́lẹ̀, kílíníìkì ìrora pọ̀ nígboro, dókítà ò sì sí nínú èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá ti lówó ni wọ́n ń bu oògùn fún, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Ìjọba wá ṣòfin pé kílíníìkì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, kí dókítà rí aláìsàn lójúkojú, kí aláìsàn sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìrora rẹ̀. Òfin náà dùn mọ́ mi. Ní gáréèjì tiwa, mo mọ ọmọ ilé ire tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti sọ di ẹni tó ń bá òpó iná jà. Ṣùgbọ́n kílíníìkì tí wọ́n ń lọ ní Nimbo, àdúgbò mìíràn nígboro, bẹ̀rù kí ìjọba má baà ti òun pa, débi pé wọ́n fi òfin tiwọn lé ti ìjọba. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn ń wo bí ènìyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí mótò. Bí o bá dá sọ̀, ara rẹ le; bí o bá sì ké jù, o fẹ́ lọ tà á ni.

"Ti màmá mi tún wá le jù, Tonton," ni Nàfísátù wí, bí wọ́n ti ń pe àbúrò ìyá níbẹ̀. "Fọ́tò egungun ti ní ó jinná, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù. Dókítà á ní, 'Ça va, maman?', ìyẹn ṣé dáadáa ni. Màmá á ní dáadáa ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n á wá máa béèrè ìyàwó dókítà. C'est fini, ó parí nìyẹn. Dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ìrora."

Inú bí mi. Mo ní, "Àlàájà, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Ó ní òun ò dákẹ́, òun dúpẹ́ ni. Ó ní ṣé kí òun fẹnu ara òun pe àìsàn, níwájú dókítà tó jẹ́ ọmọ tí òun lè bí? Mo fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ilé kéwú. Èmi ni mo ń ṣe bíi dókítà. Nígbà tó pẹ́, ó ní ó ń dun òun, ó sì sáré fi kún un pé àmọ́ yóò lọ, ní agbára Ọlọ́run. Mo ní kó yọ ti Ọlọ́run kúrò níbẹ̀ ná, ó bá wò mí bí ẹni wo kèfèrí.

Ọjọ́ kejì, a dé Nimbo. Ọkùnrin kan tó ki pọ́pọ́ ló wà níwájú wa. Ó ń kérora dáadáa, ó ń gbé e lọ sókè, ó ń gbé e bọ̀ nílẹ̀, títí àwọn tó jókòó fi ń mi orí sí i. Wọ́n lé e jáde pé ó ti mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó yọ ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó gbé e sí èjìká, ó lọ.

Ó kàn wá. Dókítà náà ṣì kéré, àárẹ̀ sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ça va, maman?" Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó ní a dúpẹ́, ìyàwó dókítà ńkọ́?

Mo fò dìde, mo ní irọ́ ló ń pa, pé ìrora ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nàfísátù túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Dókítà ní òfin ò gbà kí ẹlòmíràn bá aláìsàn sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá wo èmi alára. Télọ̀ ni mí, ìdí ẹ̀rọ ti ba ẹ̀yìn mi jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó wá parí ẹ̀. Mo fọwọ́ ti ògiri kí n má baà ṣubú. Ó béèrè bí ìrìn àjò ti rí. Mo ní, "A dúpẹ́, kò sí wàhálà kankan."

Nàfísátù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ó yíjú sí dókítà, ó ní, "Docteur, ẹ wo bàbá yìí. Ẹ̀yìn wọn ti kákò, wọ́n ní kò sí wàhálà. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi màmá mi ní nǹkan mìíràn."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó fi Dioula, èdè ọjà wọn, bi í pé kí ni ohun tó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Nàfísátù ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Mi ò lè foríkanlẹ̀ mọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Orí àga ni mo ti ń kírun, bí àlejò. Mo dán an wò lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo fi ìborùn dí ẹnu ara mi, kí ọmọ mi má baà gbọ́ igbe."

Nàfísátù ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi sunkún níbẹ̀, ojú ò sì tì mí. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò gbé e délé, kò fi ẹyọ kan lé e, ó sì kọ ìwé tí a óò fi han ẹnubodè. Bí a ti ń jáde, tí ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ṣọ́ kìlọ̀ fún un pé aláìsàn kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn.

Oògùn náà gbé e délé lóòótọ́. Ó sùn láti Abidjan dé Accra, orí rẹ̀ wà léjìká mi. Ní tèmi, ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n kì í wo ìbàdí sàn.

Nígbà tí a wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ilé wa kún fọ́fọ́. Gbogbo wọn ń kí i kú àbọ̀, wọ́n ń béèrè pé ṣé ara le. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o. Ó ń dùn mí." Ẹnì kan ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹnì kan ní kó má wí bẹ́ẹ̀ mọ́, aládùúgbò wa kan sì sáré gbé ọmọ rẹ̀ jáde bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń ràn. Ìyá Àgbà, ìyàwó bàbá wa kan ṣoṣo tó kù láyé, tí a ò gbọ́ rí lẹ́nu wọn pé orí ń fọ́ wọn, na ọwọ́ sí i láti orí àga rẹ̀.

"Sídí, wá jókòó tì mí," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá sọ tèmi fún."