Ẹ̀wù Olùṣọ́

Ìdọ̀tí kọ́ ló ń kó aránṣọ yìí nírìíra. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ jẹun. Èèyàn ló ń rí i lára.

Bí òjò bá ti ṣú, ọkàn rẹ̀ kì í sí lára ẹ̀rọ mọ́, yàrá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ ló ń lọ. Omi gọ́tà a máa wọlé bá ìyá arúgbó náà lórí ẹní, tòun ti ohun tí kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ tún gọ́tà náà ṣe, òun ló lọ láti ojúlé dé ojúlé pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí yóò máa ṣọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n fi àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣe alága, onígbàjámọ̀ tí wọ́n ń pè ní Òótọ́-Korò, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Aránṣọ rán ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn fún gbogbo wọn àti fún ara rẹ̀, ó sì kọ OLÙṢỌ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn.

Níbẹ̀rẹ̀, olùṣọ́ ṣọ́. Nígbà tó yá, agbaṣẹ́ṣe ń pe alága sí ìpàdé nínú ọ́fíìsì tó tutù nini. Ajá tí a ní kó máa ṣọ́lé wá ń jùrù fún olè.

Lọ́jọ́ tí ìjọba fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, wọ́n ta àtíbàbà. Wọ́n ti fi ọmọrí kọ̀ǹkéré dé gọ́tà, wọ́n sì ti kùn ún lọ́dà funfun. Àwọn olùṣọ́ jókòó, wọ́n ń mu ohun tútù, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo nǹkan kan. Ni aránṣọ bá fi ọ̀pá irin gbé ọmọrí kan níwájú ilé ìyá rẹ̀. Ẹrẹ̀ àtijọ́ ló wà níbẹ̀, tó kún dé ẹnu. Òórùn tú. Wọ́n fi ọwọ́ kan bo imú, wọ́n fi èkejì di ife mú. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a máa tì. Ojú kò tilẹ̀ ti tiwọn.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé e padà," Òótọ́-Korò sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "A máa gbé e yẹ̀ wò nípàdé."

"Ṣé ẹ ti buwọ́ lùwé pé iṣẹ́ parí ni, ọkọ mi?"

"Tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní àdúgbò wa ò moore."

Aránṣọ wo ètè rẹ̀ tó ń dán. Ó tutọ́ sínú gọ́tà náà.

Òjò ò dúró de ìpàdé. Omi tún gba yàrá ìyá lọ. Aránṣọ gbé arúgbó náà sórí tábìlì tó fi ń géṣọ, ó sì ń gbọ́n omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí òjò ṣe ń dá lọ ni Òótọ́-Korò dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wù olùṣọ́ rẹ̀ mọ́ fínnífínní. Àwọn oníròyìn ń bọ̀ wá ya fọ́tò ẹgbẹ́ tó ṣọ́ iṣẹ́, ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé.

"Ẹ̀wù tiyín dà, ìyàwó wa?"

"Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ká ẹ̀wù náà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó dúdú, ó ń rùn. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, ni ìyá arúgbó bá sọ̀rọ̀ láti orí tábìlì.

"Ẹ má yọ ọ́ o, alága. Òun ló ń bá wa dá omi dúró."