Èyí Tí Kò Ní Pariwo

"Kékeré yìí kì í pariwo rárá, mà," ni ọmọ tó ń ta kọ̀ǹpútà wí. Ó tẹ lẹ́tà kan, ó dún kẹ́, inú sì bí mi.

Ìró lẹ́tà títẹ̀ ló máa ń gbé mi sùn lọ́sàn-án ní Ṣakí, bí màmá mi bá ń fi taipuráítà tẹ lẹ́tà fáwọn èèyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí òórùn gbodo tí a sá sórí àpáta gba gbogbo ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé.

"Ìyàwó, ariwo ẹ ti pọ̀ jù nínú ilé yìí."

Màmá kúnlẹ̀, ọwọ́ wọn dúdú fún yíǹkì. "Ẹ má bínú, sà."

Ó gbé ẹ̀rọ náà jáde. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bá wa tún un ṣe ni, kó má pariwo mọ́. Èmi ni mo sáré mú okùn rọ́bà tó fi dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ wá. Kò gbé e padà wá mọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé owó lẹ́tà wọ̀nyẹn la fi ń jẹun.

Lánàá, nígbà tí mo ní mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún wọn, Màmá ní, "Kékeré ni kó o rà o, èyí tí kò wọ́n, tí kò ní pariwo." Ọkùnrin yẹn ti kú tipẹ́, síbẹ̀ Màmá ṣì ń kúnlẹ̀ fún un.

Mo ní kí ọmọ náà bá mi wá èyí tó ń pariwo jù lọ.