Sàkáríyà Má-fi-kún-un

Ní Karmo, nígbà tí Àbújá ṣì jẹ́ eruku àti ariwo katakata, bí o bá béèrè Sàkáríyà lásán, wọ́n á bi ọ́ pé èwo nínú wọn. Sàkáríyà alápatà wà, Sàkáríyà awakọ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Sàkáríyà Má-fi-kún-un lò ń wá, ọmọdé á fi eré sílẹ̀, á mú ọ dé iwájú ọkùnrin kúkúrú kan tí símẹ́ńtì ti wọ̀ lábẹ́ èékánná, tó ń yọ búlọ́ọ̀kù tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Búlọ́ọ̀kù ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló fún un lórúkọ.

Zaria ni bàbá rẹ̀ ti ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, nítorí náà Hausa àti Yorùbá jọ dàgbà lẹ́nu rẹ̀ bí ìbejì. Nígbà tó dé Karmo ní 1979, kò pẹ́ tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí fi mọ ẹni tó wà láàárín wọn. Hausa ni lèmọ́ọ̀mù fi ń ṣe wáàsí, àwọn oníṣòwò Yorùbá tó ń jókòó síbẹ̀ kò sì gbọ́ ju sànnu àti iye owó ọjà lọ. Sàkáríyà wá di ògbufọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Bí lèmọ́ọ̀mù bá ní "èmi", òun náà á ní "èmi". Bí lèmọ́ọ̀mù bá bínú, òun náà á bínú. Ó ní bí òun bá ti dìde dúró, òun kì í ronú mọ́, òun ti di ihò tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá.

Lọ́jọ́ kan, oníwàásù àlejò kan dojú ọ̀rọ̀ kọ àwọn oníṣòwò Yorùbá. Ó ní òṣùwọ̀n wọn kò pé, ó ní ìrẹsì wọn pọ̀ ní òkúta ju ìrẹsì lọ. Gbogbo ojú yí sí Sàkáríyà, wọ́n rò pé á fi omi là á. Kò là á. Ó bú wọn bí wọ́n ṣe bú wọn gẹ́lẹ́, títí kan àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó jókòó níwájú. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè lẹ́yìn ìrun, ó ní òun kì í fi kún un, òun kì í sì í yọ níbẹ̀. Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Kí n má purọ́, ó máa ń fi yangàn. Ẹni tí wọ́n fi joyè Balógun kò lè gbádùn orúkọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rísíkàt ni àkọ́bí rẹ̀, òun nìkan sì lọ́mọbìnrin. Télọ̀ ni. Tánkò, káfíńtà kan tó jẹ́ ọmọ Gbagyi, ọmọ onílẹ̀ Karmo gan-an, ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Mùsùlùmí ni Tánkò, kì í mu sìgá, kì í fa wàhálà, Hausa lòun àti Rísíkàt sì jọ máa ń sọ. Ọmọbìnrin náà ti sọ fún ìyá rẹ̀, Àlímátù, pé bí kò bá jẹ́ Tánkò, kí wọ́n má wulẹ̀ bá òun wá ẹlòmíràn. Sàkáríyà fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà. Ẹ̀rù tó ń bà á kò ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nínú ẹbí wọn, bàbá ọmọ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ fọmọ fọ́kọ, ẹ̀gbọ́n bàbá ló ń fọmọ. Jàbárù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló sì wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ní ọdún 1986 láti wá gbọ́ irú ilé tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ àwọn sí.

Jàbárù wo Tánkò, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó le koko, ó béèrè nípa ìrun rẹ̀ àti òbí rẹ̀. Ló bá ní òun fara mọ́ ọn. Inú Sàkáríyà dùn débi pé oúnjẹ kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Kò mọ̀ pé ẹnu òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà máa há sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn ẹbí Tánkò dé. Kúrè, bàbá rẹ̀, ló ṣáájú, àgbẹ̀ oníṣu tí oòrùn ti sọ dúdú. Àgbà ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ sì gbé agbọ̀n iṣu lé èjìká, nítorí èjìká làwọn obìnrin Gbagyi fi ń rẹrù, wọn kì í fi orí rù ú. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Jàbárù kò gbọ́ Hausa, àwọn àlejò kò gbọ́ Yorùbá, ta ni yóò wá ṣe ògbufọ̀? Gbogbo ènìyàn wo Sàkáríyà. Ó kúkú bọ́ sí i, nítorí bàbá ọmọ kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà lófo.

Jàbárù tún fìlà ṣe, ó kí wọn kú ọ̀nà, ó wá sọ̀rọ̀ bí àwọn bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Ọmọ tí ẹ wá tọrọ yìí, kò mọ nǹkan kan. Kò tíì gbọ́n. Ọbẹ̀ tó bá sè, ẹ lè máà lè jẹ ẹ́. Ẹ sáà bá wa gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ bá wa tọ́ ọ."

Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ mi orí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ohun tó kàn ni kí àwọn àlejò ní rárá o, a rí i, ẹ tọ́ ọ dáadáa. Sàkáríyà dìde. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí Hausa, kò fi ẹyọ kan kún un, kò yọ ẹyọ kan: kò mọ nǹkan kan, kò gbọ́n, ọbẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é jẹ.

Kúrè wo ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí bàbá yìí sọ. Sàkáríyà tú ìyẹn náà. Jàbárù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òótọ́ ni o, ẹ̀yin náà á rí i. Ògbufọ̀ wa tún tú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò ṣe é tú. Kúrè dìde, ó ní àwọn fẹ́ lọ gbèrò nílé. Ìyàwó rẹ̀ gbé agbọ̀n iṣu rẹ̀ padà sí èjìká, wọ́n sì lọ.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, Rísíkàt ti ń sunkún nínú yàrá. Tánkò ti ránṣẹ́ pé bàbá òun ní bóyá àìsàn kan wà lára ọmọ yìí, tàbí kẹ̀, àwọn Yorùbá wọ̀nyí kò fẹ́ àwọn, wọ́n sì ń ba ọmọ tiwọn lórúkọ jẹ́ kí àwọn lè sá. Jàbárù ní àwọn ènìyàn náà ni kò lẹ́kọ̀ọ́, òun á padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Sàkáríyà ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun kò fi kún un.

Àlímátù ló dá a dúró. Ó ní, "Bàbá Rísíkàt, lọ́jọ́ tí ẹ wá tọrọ mi, kí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ nípa mi?"

Sàkáríyà ronú. Ó ní wọ́n sọ pé ọ̀lẹ ni, pé kò lè gbá ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

"Kí ló dé tí ẹ ò sá?"

Sàkáríyà jókòó sórí àpótí, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e dé. Lóòótọ́, kò sá. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un? Kò rántí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́runfẹ́mi, tíṣà kan tó háyà yàrá ládùúgbò. Olùkọ́ èdè ni, ó sì máa ń lọ sí yunifásítì lákòókò họlidé láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè, irú ẹ̀kọ́ tí àwọn ènìyàn Karmo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló kù nínú èdè tí ìyá ẹni kò tíì kọ́ni. Ọlọ́runfẹ́mi gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ń jẹun lójúde, tí mo ń kọjá lọ, kí lẹ máa sọ fún mi?"

"N ó ní kí o wá jẹun."

"Kí lèmi náà á sọ?"

"Wàá ní á gba ibi ire."

"Bí mo bá wá jókòó tì yín ńkọ́, tí mo bu òkèlè?"

Sàkáríyà rẹ́rìn-ín, ó ní a jẹ́ pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ọlọ́runfẹ́mi ní ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí ó wá jẹun. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Sàkáríyà.

Tíṣà náà wá ṣàlàyé fún un. Ó ní àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè máa ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n máa ń wo ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣe nǹkan: ó ń fi bẹ̀bẹ̀, ó ń fi yẹ́ni sí, ó ń fi lé àlejò. Ohun tí à ń fi ọ̀rọ̀ ṣe kì í sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Inú àwọn tó ń sọ ọ́ ló wà, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. "Bàbá, ẹ tú ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ. Ẹ ò tú ohun tí wọ́n ṣe."

Sàkáríyà kò lè yọ búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sáàárín iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fetí sí àdúgbò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí létí. Obìnrin kan ń rẹ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́kún, ó ń pè é ní ọkọ mi, kò sì sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá ń dáhùn pé a dúpẹ́. Ọlọ́run ọba, báwo làwa ènìyàn ṣe ń rí ara wa gbọ́? Ó gbé búlọ́ọ̀kù gbígbẹ kan lọ́wọ́. Omi ló di iyẹ̀pẹ̀ yìí pọ̀, ó ronú, omi náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́ kí ènìyàn rí i. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tó dùn, irú èyí tó máa ń bà á bí ó bá gbójú sókè wo òkè àpáta ńlá nígbà tó kọ́kọ́ dé Àbújá. Ó ti ń fi ẹnu rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé nǹkan tó tóbi tó báyìí ló ń ti ẹnu òun kọjá.

Ó dìde, ó lọ bá Kúrè nílé. Kò lọ ṣàlàyé o, ìbéèrè ló gbé lọ. Ó kí i ní sànnu, Kúrè dáhùn ní yauwa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù. Sàkáríyà bi í pé, láàárín àwọn Gbagyi, báwo lẹ ṣe ń fi hàn pé ẹ fẹ́ràn ẹni tó wá fẹ́ ọmọ yín?

Kúrè wò ó títí. Ó ní àwọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá ọmọbìnrin á fi oko hàn ọmọkùnrin náà, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé ọkọ́ wá, wọ́n á bá a ro ó. "Láti ìgbà òjò lọmọ mi ti ń dúró kí o fi oko hàn án. O ò fi hàn án. Mo ti rò pé o kọ̀ ọ́ nígbà náà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wá sọ̀rọ̀."

"Kai," ni Sàkáríyà wí, ó sì di orí mú. Gbogbo ìgbà tí Tánkò ń wá jókòó lẹ́bàá àyè búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí kì í sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ló ń sọ! Ògbufọ̀ gbogbo Karmo jókòó tì í, kò gbọ́ ẹyọ kan. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ìyanu náà ju ìtìjú lọ. Ó sọ fún Kúrè pé òun kò ní oko, pé àwọn bàbá òun nílé ló ní oko. Ó ní iyẹ̀pẹ̀ lòun ní.

Kúrè rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní iyẹ̀pẹ̀ náà ṣe é ro.

Ni Tánkò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kó ọkọ́ wá sí àyè Sàkáríyà láàárọ̀. Wọ́n fi ọkọ́ po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ símẹ́ńtì, wọ́n ń kọrin Gbagyi, wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù tí òmíràn wọ́ bí ẹnu arúgbó. Sàkáríyà kò bá wọn wí. Ó dúró, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní eruku símẹ́ńtì ni. Jàbárù, tó ti di ẹrù, rí i, ó tú ẹrù.

Wọ́n tún jókòó lábẹ́ máńgòrò. Kí wọ́n tó dé, Sàkáríyà ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó yin ọmọ náà díẹ̀. Jàbárù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní í di arúgbó tán kí òun wá máa fi ọmọ òun ṣe fáàrí níwájú àna. Ó sì tún un sọ: kò mọ nǹkan kan, kò gbọ́n, ẹ bá wa tọ́ ọ.

Sàkáríyà dìde. Ẹni tí kò fi kún ọ̀rọ̀ rí nìyí o. Rísíkàt ń wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn. Sàkáríyà yíjú sí Kúrè, ó sọ ọ́ ní Hausa, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀: "Ọmọ yìí lojú tí a fi ń ríran. A bọ̀wọ̀ fún yín débi pé a kò lè fọ́nnu níwájú yín. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀."

Kúrè sọ nǹkan fún ìyàwó rẹ̀ ní Gbagyi. Obìnrin náà dìde, ó gbé agbọ̀n iṣu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ka iwájú Àlímátù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Jàbárù wo gbogbo rẹ̀. Ó fa àbúrò rẹ̀ létí aṣọ. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí náà ni mo tún sọ. Wọ́n bínú nígbà yẹn, inú wọn wá ń dùn báyìí. Sàkáríyà, ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ lo ṣe sọ fún wọn?"

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni Sàkáríyà dáhùn. "Ti ìjọ́sí ni n ò sọ bí ẹ ṣe sọ ọ́."