Fọ́tò Ìbejì tí Mo Fi Ránṣẹ́

Mo rántí ọjọ́ tí ẹbí kan sunkún ọmọ tí kò kú, tó sì jẹ́ pé èmi ni mo fà á.

Kí n tó di akọ̀ròyìn, mo ṣe tíṣà ní ilé-ìwé girama kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn tíṣà, èmi nìkan ni mo sì ní kọ̀ǹpútà alágbèéká. Nígbà tí àwọn tó ti jáde níbẹ̀ ṣí ìkànnì ayélujára fún ẹgbẹ́ bándì wa, ọrùn mi ni iṣẹ́ náà já lé. Kí n ya fọ́tò, kí n gba orin sílẹ̀, kí n kọ orúkọ, kí n kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó parí. Méjì méjì ni wọ́n ní kí n ya àwọn ọmọ náà, bí wọ́n ṣe máa ń tò tí wọ́n bá ń yan. Iṣẹ́ náà gùn mí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan, n ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo wà lórí ayélujára."

Ìbejì kan wà níwájú ìlà, ọmọbìnrin méjì tí ń lu ìlù kéékèèké. Lọ́sẹ̀ náà, ibà gbé Kẹ́hìndé ṣánlẹ̀, ó wà ní ọsibítù. Táíwò nìkan ló wá. Ó gbé ìlù kọ́rùn, ó dúró síbi tó máa ń dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mo ní kó sún sí àárín.

Ó ní, "Rárá, sà. Àyè ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Nígbà tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àyè òfìfo yẹn ń bí mi nínú. Lójú mi, ó ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo ṣe ẹ̀dà Táíwò, mo gbé e sí àyè Kẹ́hìndé, mo kọ orúkọ àwọn méjèèjì sábẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo fi ránṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí ní pálọ̀ àwọn àgbà. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayafọ́tò a ya èyí tó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìyá lè máa rí ọmọ méjì. Ẹni tó bá rí i kì í béèrè. Mo mọ̀ ọ́n. Ìtara àtifi iṣẹ́ mi ṣe fáàrí ni kò jẹ́ kí n rántí.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n bàbá ìbejì lóbìnrin, tó ń gbé ní Alákíà, rí fọ́tò náà lórí ìkànnì ilé-ìwé, lórí fóònù rẹ̀. Ó mọ àpá tó wà lórí ìpéǹpéjú Táíwò, ó sì rí i níbi méjì. Ó pe ìyá wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé wá po ògì fún ọmọ.

"Ìyàwó wa, ara fẹ́ra kù o. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ará ilé wọn kan sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà: "Ife ògì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wọ bàtà. Ó ń sáré lọ sí títì, ó ń ké pé, 'Ọsibítù ti pe ẹbí kí wọ́n tó pe èmi!'" Ọlọ́kadà tó gbé e ní, "Mo bi í pé níbo là ń lọ, kò lè sọ ọ́. Ó kàn ń nawọ́ síwájú."

Nígbà tó wọ wọ́ọ̀dù, Kẹ́hìndé jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní, "Màámi, ògì mi dà?"

Bí ìròyìn náà ṣe kàn mí lára, mo pa fọ́tò náà rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ẹyin sì ni fọ́tò. Ó ti balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá náà wá sí ọ́fíìsì pirínsípà, wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Kò pariwo. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ní ọmọ mi kú ni." Pirínsípà yíjú sí mi.

Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é, mà. Ó máa ń ya fọ́tò sí méjì fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn."

Obìnrin náà wò mí pẹ́. "Tíṣà, èmi ò kàwé. Bí ẹ bá ti wí ni. Mo ti dárí ji ẹ̀rọ náà nítorí Ọlọ́run. Ẹ ṣáà bá mi kìlọ̀ fún un."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Lónìí, iṣẹ́ mi ni kí n máa bi àwọn èèyàn pé ta ló ṣe é. Mo ti jókòó níwájú ọ̀gá tó ní akọ̀wé òun ló ṣe é, mo sì ti fi irú wọn ṣẹ̀sín nínú ìròyìn. Kẹ́hìndé ti wọ yunifásítì. Bí mo bá pàdé ìyá wọn ní Ìyànà Ọ̀fà, á bi mí léèrè àlàáfíà, á ṣàdúà gígùn fún mi, èmi á máa ṣe àmín kíákíá kí n lè ráyè kọjá. Ẹ̀rọ ni obìnrin náà dárí jì. Èmi kò tíì bẹ̀ ẹ́.