Ìlà Omi Táńkì

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí ná. Tíṣà ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí kì í ya ní gíráàfù. Ọṣẹ tó ń tán, irun àgbọ̀n tó ń gùn, gbogbo ẹ̀ ló ń fi rúlà lé kiri. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, bẹ́ ẹ bá ya ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi, bébà ò ní tó."

Ti omi táńkì ló fẹ́ràn jù. Láràárọ̀ ló ń ki ọ̀pá bọ táńkì ẹ̀yìnkùlé, á ka ibi tí omi dé, á sì fi pẹ́ńsùlù sàmì rẹ̀ sórí bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọjọ́ wà nísàlẹ̀, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Korobá kan ń fa omi wálẹ̀ ní sẹ̀ntímítà kan. Tíṣà ń lo méjì lójúmọ́, àárọ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀. Mẹ́rin mẹ́rin ni ìlà náà ń wálẹ̀, ó gún régé.

Ìyàwó kú. Wọ́n sin ín. Lọ́sẹ̀ kejì, Tíṣà gbé rúlà lé àwọn àmì náà. Mẹ́rin mẹ́rin ṣì ni! Orí rẹ̀ wú. Òun nìkan ló kù nínú ilé, méjì ló yẹ kó máa wálẹ̀. Ta ló wá ń lo méjì yòókù?

Kò sọ fẹ́nì kan, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀kùn balùwẹ̀ sílẹ̀ láìtì. Ó ń yọ́ rìn nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn, ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí i, ó rí bébà náà, ló bá lọ pe plọ́mbà. Bí plọ́mbà ṣe ń fọwọ́ pa ìdí táńkì, àyà Tíṣà ń já. Bí táńkì bá ń jò, a jẹ́ pé ìyàwó òun ti lọ pátápátá nìyẹn.

"Kò jò o, Bàbá," ni plọ́mbà wí.

Tíṣà mí kanlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ ọkùnrin náà.

Ọmọ rẹ̀ sùn síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ń wo bàbá rẹ̀ láti ilé ìdáná. Bàbá bu korobá kan, ó lọ wẹ̀. Ó padà wá bu òmíràn, ó po omi gbígbóná mọ́ ọn, ó ti ìka bọ̀ ọ́ wò bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó sì fi tówẹ̀lì ìyá ọmọ náà lé e lórí. Ó jókòó, ó mu tíì rẹ̀ tán. Ló bá dìde, ó da omi náà sídìí òdòdó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Bàbá mi," ni ọmọ náà wí, "ta lẹ bu omi yẹn fún?"

Tíṣà wo korobá tó ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ń gbé omi ìwẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ ò tíì gbọ́ pé ó kú.

Láti ọjọ́ kejì, korobá méjì péré ló ń bù. Ìlà náà ṣẹ́rí, ó ń wálẹ̀ ní méjì méjì. Níbi tó ti ṣẹ́rí gan-an ni Tíṣà kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí. Kò sunkún níbi ìsìnkú o. Iwájú bébà yẹn ló ti sun ún.