Mi Ò Ṣubú ní Nárà

Kọ ọ́ sínú fóònù rẹ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Ìwọ lo lọ iléèwé, èmi ò lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo lọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ ní Thamesmead níbí, wọ́n fẹ́ kó mi lọ sílé ìyá rẹ ní Woolwich. Ìyá rẹ ní mi ò lè dá gbé mọ́, torí mo ṣubú ní Jàpáànì. Mi ò ṣubú. Ohun tí mo fẹ́ kó kà nìyẹn, kí ọkọ̀ yẹn tó dé.

"Grandpa, jókòó now! O ń dìde ṣáá."

Àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú omi ìta yẹn ni mò ń wò lójú fèrèsé. Mo ti jókòó.

Ilé ìyá rẹ dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n òkè téńté ló wà, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán. Ẹsẹ̀ mi kì í dúró sójú kan, gbogbo yín lẹ mọ̀. Láti ìgbà tí ìyá ìyá rẹ ti lọ, tí mo bá ti jókòó, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ń pè mí níta. Màá wọ bọ́ọ̀sì lọ Woolwich, màá wọ fẹ́rì tí wọn kì í gbowó, màá dé òdìkejì odò, màá tún bá a padà. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ni mò ń wá. Ìrìn yẹn ló jẹ́ kí ìyá rẹ mú wa lọ Jàpáànì nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní tí mo bá rìn jìnnà dáadáa lẹ́ẹ̀kan, bóyá màá wá jókòó. Ìwọ náà kò sì jẹ́ kó sinmi, torí àwọn kátúùnù Jàpáànì tí o máa ń wò.

A rí ilé gogoro, a wọ tíréènì tó ń sáré bí ìjì. Ibi tó wù mí jù ni ìlú tí wọ́n ń pè ní Nárà. Àgbọ̀nrín ń rìn láàárín èèyàn níbẹ̀ bí ewúrẹ́ ilé. Àwọn àlejò á ra bísíkíìtì fún un, àgbọ̀nrín á tẹrí ba, àlejò náà á tẹrí ba fún un, kó tó jẹ ẹ́.

Ìyá rẹ ní, "Daddy, ẹ wò ó, ó ń kí yín!"

Mo ní, "Ẹran ọbẹ̀ ló ń kí mi yìí?"

O ní, "Grandpa! Wọ́n máa gbọ́!"

Mo ní ta ló gbọ́ Yorùbá nínú wọn, àwọn èèyàn àbí àwọn ẹran.

Ilé ère ńlá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àlejò ń wọ́ lọ. Ìyá rẹ ní òun ò wọ̀ ọ́, òun ò lè fowó òun ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ wo òrìṣà, kí lòun máa sọ fún pásítọ̀? Ẹ bá dúró ti àwọn àgbọ̀nrín. Ìdúró yẹn sú mi. Mo rí ilé kékeré kan lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ti ń ta tíì, mo yà síbẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì kọ̀yìn sí mi.

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Bàbá kan jáde. Kì í ṣe irú àgbà tèmi yìí o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, irun ojú rẹ̀ funfun báláú. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó wá tẹrí ba fún mi títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní.

Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Àwọn ọmọbìnrin òtẹ́ẹ̀lì ń tẹrí ba fún mi láràárọ̀, mo ń gbà á, mo ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n èyí tó lè bí mi lọ́mọ? Mo ní, "Rárá o, Bàbá, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi." Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó tún tẹrí ba, ó lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó tún ṣe é.

Mo bá ṣí fìlà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tèmi ti kóòtù. "Ẹ kú ilé o, Bàbá."

Ta ni mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ní Lọ́ńdọ̀nù? Gbogbo àwọn tó jù mí lọ ti kú tán. Ẹní yẹn tutù, ó ń rùn bíi koríko gbígbẹ. Ẹni tó ń pè mí níta yẹn, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku kí n dìde. Orúnkún kọ̀. Bàbá yẹn di apá mi kan mú, obìnrin kan nínú ilé di ìkejì. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Daddy!"

Ó gbàgbé pé bísíkíìtì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo àgbọ̀nrín tẹ̀ lé e wá. Ó ń wo ẹyinjú mi, ó ń ní, "Daddy, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ wà? Kí lorúkọ mi?" Ó bi bàbá yẹn ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá náà kò gbọ́ Òyìnbó. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹní. Ìyá rẹ ní, "Ó ní ẹ ṣubú."

Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tí kò gbà láti wọ ilé ère, ṣé kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Daddy ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀? Mo rò ó pé "mo ṣubú" dáa ju ìyẹn lọ. Mi ò mọ̀ pé ó máa gba ilé mi lọ́wọ́ mi.

"So, o ò ṣubú?"

Mi ò ṣubú.

"But o ò lè dìde."

Kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ó dáa, ti tábìlì yẹn sẹ́yìn, kí n dọ̀bálẹ̀ bíi tọjọ́ yẹn. Má fọwọ́ kàn mí.

Mo ti dìde. Kọ ọ́. Ẹsẹ̀ àga ni mo dì mú. Kọ ìyẹn náà, kó o wá fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ.

Tún gbé fóònù yẹn, kọ èyí mọ́ ọn. Ìyá rẹ pè mí láàárọ̀ yìí. Ó wá ní, "Daddy, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ará Jàpáànì?"

Mo ní, "Fún àgbàlagbà."

Ó rẹ́rìn-ín, tàbí ó ń sunkún, mi ò mọ èyí tó jẹ́. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù ò ní wá lọ́jọ́ Sátidé yìí. Òun fúnra òun ló máa wá. Tí mo bá lè dọ̀bálẹ̀ kí n sì dìde láìdi àga mú, ká jọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Mi ò lọ wọ fẹ́rì lónìí. Ti tábìlì yẹn sẹ́yìn dáadáa.